Ẹ Bi Ìyá Oníwáyà: Ta Ló Ń Parọ́ fún Ààrò?

Ìyá Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àforítì wa. Ààrò iná mànàmáná tí mo ń lò nílé ló fẹ́ lé mi kúrò ní ilé ìdáná. Ó ti pé oṣù méjì báyìí tí mo bá yí i sí 180, tí kéèkì lo gbogbo ìṣẹ́jú tó yẹ kó lò, tí àárín rẹ̀ á ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹrẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òmíràn tún bá a dé: bí ó bá ti gbóná dáadáa tán, á ké pí-pí-pí, á kọ F3 sójú, á sì kú. Mo ka ìwé tó bá a wá, ó ní F3 túmọ̀ sí pé ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ ooru ti já. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀ kó tutù, á tún máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Atúnṣe àkọ́kọ́ ní bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tó ń darí ààrò, ló bàjẹ́. Èkejì ní kí n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó yọ mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò jáde lápò. Ọkọ mi ní mítà nílé, mo sì mọ̀ ọ́n lò díẹ̀. Ìyá mi, ti ta ni kí n gbọ́? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara yín lóhùn nínú lẹ́tà yìí láìmọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ hàn yín kí a tó fọwọ́ kan súkúrù kankan.

Sẹ́ńsọ̀ tí à ń sọ ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ láti ara ògiri ẹ̀yìn nínú ààrò yẹn. Àwọn èèyàn rò pé ó mọ ooru. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń dènà iná díẹ̀ bó ṣe ń kọjá lára rẹ̀, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ ni ìdènà náà ń pọ̀. Platinum, irin olówó iyebíye kan, ló wà nínú èyí tí mo ń bá pàdé jù. Ní 0°C, ìdènà rẹ̀ jẹ́ 1,000 ohm (ohm ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìdènà). Ní 25°C, ó tó 1,097. Ní 100°C, ó di 1,385. Ní 180°C tí ẹ ń wá fún kéèkì yín, 1,685 ni. Bọ́ọ̀dù a máa ka ohm wọ̀nyí, á wá sọ wọ́n di ooru fún ara rẹ̀. Kò ní ojú mìíràn tó fi ń ríran.

Ó dáa. Bí ìdènà àjèjì kan bá wá yọ́ wọ ojú ọ̀nà náà ńkọ́, bóyá níbi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ti pàdé wáyà tó ń lọ síbi bọ́ọ̀dù? Bọ́ọ̀dù kò lè mọ̀ pé kì í ṣe ti sẹ́ńsọ̀. Á kàn rò wọ́n pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká ní ìpata ibẹ̀ fi 60 ohm kún un. Nítòsí 180, 60 ohm tó 16°C. Ìyẹn ni pé ooru tó wà nínú ààrò kò ju 164 lọ, bọ́ọ̀dù sì ti ka 180, ó ti ní a ti débi tí à ń lọ, ó sì ti pa kọ́ìlì tó ń mú ààrò gbóná. Kéèkì yín wà níbẹ̀ tó ń fara da ooru tí kò tó.

Ẹ tún mú F3 wá síbẹ̀. Ojú ìsopọ̀ tó ti ń jẹra yìí kan náà, bí ara irin bá gbóná tó wú, ìwọ̀nba ibi tó fi ń kan ara wọn á ṣí. Iná ò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́, bọ́ọ̀dù á sì figbe ta. Bó bá tutù, irin á sún padà síbi tó wà, gbogbo rẹ̀ á tún rọlẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Kéèkì tí kò jinná àti F3 tó ń wá nígbà ooru, ìyá kan náà ló bí wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kì í ṣe bọ́ọ̀dù, kì í sì í ṣe sẹ́ńsọ̀ gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí, bí kò ṣe àárín àwọn méjèèjì. (Ààrò kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀ o. F3 lára ààrò ẹlòmíràn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ ka ìwé.)

Mi ò sọ pé bọ́ọ̀dù kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n atúnṣe tó bá dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi láì wọn sẹ́ńsọ̀, ó ń méfò ni. Èmi náà ti méfò rí, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ọdún kẹta tí mo dá dúró nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé irú ẹjọ́ yín wá bá mi, mo gbọ́ pí-pí-pí, mo ní bọ́ọ̀dù ni, oníbàárà mi ra bọ́ọ̀dù. Mo fi sí i lówùúrọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, F3 ti padà. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mo ní mítà. Ní ojú sẹ́ńsọ̀, 1,104. Ní ẹsẹ̀ wáyà níbi bọ́ọ̀dù, 1,340. Ààrò tó tutù bí òkúta, bọ́ọ̀dù rò pé ó ti gbóná dé 88°C! Mo yọ ìsopọ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ irin kan nínú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Èmi ni mo san owó bọ́ọ̀dù yẹn padà. Ti àtijọ́ tí mo yọ wà lórí pẹpẹ mi títí di òní, mo fi bírò kọ 1,340 sí i lára.

Nítorí náà, ẹ gbé mítà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ààrò kúrò lára iná. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ògiri tààrà, brékà rẹ̀ ni kí ẹ pa, kí ẹ sì gbìyànjú láti tan gílóòbù inú rẹ̀ kó lè dá yín lójú pé ó ti kú. Bí ààrò náà bá ní ìdáná gáàsì lórí, ẹ má fa á síwájú fúnra yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa gáàsì. Ẹ jẹ́ kó tutù délẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọwọ́ yín nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ooru yàrá la fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, ààrò tó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ á ṣì yín lọ́nà.

Súkúrù méjì ló sábà máa ń di sẹ́ńsọ̀ mú láti inú. Ẹ tú wọn, ẹ rọra fà á, wáyà rẹ̀ á tẹ̀lé e jáde títí tí ìsopọ̀ á fi yọjú nínú ihò. Kí ẹ tó tú ìsopọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn tàbí nǹkan tí ẹ fi ń há aṣọ mú wáyà tó kù lẹ́yìn. Bó bá já bọ́ padà sẹ́yìn ògiri, gbogbo ìdí ààrò lẹ máa tú kí ẹ tó rí i. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Lára ààrò mìíràn, ìsopọ̀ kì í gba inú ihò yọ, ìdérí ẹ̀yìn ni ẹ máa ṣí.

Ẹ yí mítà sí ohm, ní ibi tó lè ka 2,000. Ẹ fi orí wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn ná, kí ẹ mọ iye tí wáyà mítà fúnra rẹ̀ ń jẹ, kí ẹ lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́ńsọ̀. Èyí tó bá wà ní apá ọ̀tún àbí òsì kò já mọ́ nǹkan kan, platinum kì í yan ẹ̀gbẹ́. Bí ooru yàrá bá wà láàárín 20°C sí 30°C, ohun tó yẹ kí ẹ rí wà láàárín 1,078 sí 1,117. Bí mítà bá sọ pé kò rí ọ̀nà kankan, wáyà inú sẹ́ńsọ̀ ti já. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0, wọ́n ti kan ara wọn nínú. Ní irú méjì yìí, ẹ ra òmíràn, kò sí àríyànjiyàn.

Bí ẹ bá wá rí 550 ńkọ́? Ẹ má ju ú nù! Irú kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 500 ohm ní 0°C, nǹkan bí 549 ni ó sì máa ń kọ ní 25°C. Bó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá tó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹ ṣe fọwọ́ mú un, kì í ṣe platinum nìyẹn, ẹ padà sínú ìwé ààrò.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ di orí ọ̀pá náà mú kí ẹ máa wo mítà. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa gun òkè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ máa mi wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti rí i. Ẹ tún fi orí mítà kan kan ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀, kí ẹ fi ìkejì kan ara irin tó bò ó níta. Kò gbọ́dọ̀ sí ọ̀nà láàárín wọn rárá. Bí ọ̀nà bá wà, iná ń jò lọ sára irin, bọ́ọ̀dù á sì máa ka ooru sí kékeré ju bó ṣe rí lọ, nǹkan á wá máa jó níbi tí tiyín ti ń rọ̀.

Ẹni tí kò bá gba mítà rẹ̀ gbọ́ lè fọ́ omi dídì wẹ́wẹ́ sínú ife, kó bu omi tútù díẹ̀ sí i, kó ti orí ọ̀pá nìkan bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, 1,000 ló yẹ kó kọ. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí, torí kò sí bí omi dídì ṣe lè parọ́.

Ó wá kan ibi tí mo ní lọ́kàn. Ẹ so sẹ́ńsọ̀ padà mọ́ wáyà rẹ̀, kí ẹ yọ ẹsẹ̀ wáyà náà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Kò yẹ kó ju ohm kan tàbí méjì lọ sí èyí tí ẹ rí ní ojú sẹ́ńsọ̀. Bó bá jẹ́ 1,097 níhìn-ín, tó wá di 1,150 lọ́hùn-ún, ẹ ti mú olè. Bí méjèèjì bá bá ara wọn mu, ẹ rántí pé ìgbà ooru ni tiyín ń ṣe ìwà. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí ojú ìsopọ̀ bí mítà ṣe wà lára wáyà, kí ẹ máa wo bó bá máa já.

Bó bá jẹ́ ìsopọ̀ ni, ẹ gé e kúrò kí ẹ fi èyí tí wọ́n ṣe fún ooru gíga dípò rẹ̀, irú tí ara rẹ̀ jẹ́ tánganran. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ fún yín: èyí tó wọ́pọ̀ ń yọ́ ní 183°C, ẹ̀yin sì ń yan kéèkì ní 180. Téèpù dúdú àwọn oníná náà kò yẹ níbẹ̀, á yọ́ dànù. Bí ẹ bá ń dá sẹ́ńsọ̀ padà sí àyè rẹ̀, ẹ rí i pé orí rẹ̀ kò fara kan ògiri, kò sì fara kan irin tí ẹ ń gbé abọ́ lé.

Ẹ fi tẹmómítà ààrò sí àárín gbùngbùn, ẹ tàn án sí 180, kí ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ ohun tó bá sọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ní ìgbà mẹ́fà. Á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀, bí kọ́ìlì ṣe ń kú tó ń jí. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, àròpín wọn ni kí ẹ mú. Ọ̀pọ̀ ààrò ló ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó fi ìwọ̀n díẹ̀ kún un tàbí kó yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ kí ẹ tó tún ìsopọ̀ ṣe. Ìpata kì í dúró sójú kan. Èyí tí ẹ bá fi 16 ṣàtúnṣe fún lónìí lè di 30 lóṣù tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún atúnṣe kejì, bí ó bá ń ka ìwé yìí. William Siemens, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti sọ ní 1871 pé a lè fi platinum wọn ooru, nígbà tó sì di 1887, Hugh Callendar, onímọ̀ físíìsì, ti tọ́ ọ sọ́nà débi tí a fi lè gbọ́kàn lé e. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yàn án ni pé ìwà rẹ̀ kì í yí padà. Nítorí náà, bí òǹkà bá ń yí lójoojúmọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó yí platinum ká, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ dá òun fúnra rẹ̀ lẹ́bi.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, nígbà òtútù àti nígbà ooru, tí F3 kò sì lọ, ó ti kan bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ pe atúnṣe àkọ́kọ́ padà, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà yín sí hàn án.

Ẹ káàsán mà. Ààrò mi ní abẹ́rẹ́ gígùn kan tí wọ́n ń gún bọ ẹran, wáyà rẹ̀ ń wọ ihò kan lára ògiri inú ààrò. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ni mo gún un sí, ni ààrò bá ní inú ẹran ti tó 92°C, ó sì pa ara rẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Mo ti fọ abẹ́rẹ́ náà tọṣẹ-tọṣẹ, mo tún rì í sómi gbígbóná mọ́jú, síbẹ̀ kò yí padà. — Apọ́n Alásè

Apọ́n, ọmọ mi, o rì í sómi mọ́jú! Ìwọ lo fi omi pa á, tàbí kó jẹ́ pé o pa á ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Gbàgbé ohun tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì, tìrẹ yàtọ̀. Ohun tó wà lórí abẹ́rẹ́ ẹran kì í sábà jẹ́ platinum. Ìdènà tirẹ̀ pọ̀ nígbà òtútù, ó sì ń dín kù bí ooru bá ṣe ń wọlé. Tí omi bá wá gba ibi tí wáyà ti wọnú ọwọ́ abẹ́rẹ́ wọlé, iná á rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìdènà á já wálẹ̀, bọ́ọ̀dù á sì rò pé ẹran ti jinná. Bí nǹkan bá ń jò lára sẹ́ńsọ̀ ògiri, ààrò á rò pé òun tutù. Bó bá ń jò lára abẹ́rẹ́, á rò pé ẹran ti gbóná. Èyí máa ń da àwọn ọmọṣẹ́ mi láàmú gan-an.

Kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ náà kúrò nínú ihò, kí o sì wo ojú ààrò. Bó bá ṣì ń sọ pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rá tàbí omi ló dí ihò, abẹ́rẹ́ kò jẹ̀bi. Pa iná, fi òwú gbígbẹ nù ún. Bí ihò bá mọ́, wá wọn abẹ́rẹ́: mítà kan orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣóńṣó, ìkejì kan ìdí rẹ̀. Gbé mítà sí ibi tó lè ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọwọ́ mú abẹ́rẹ́, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà kékeré tí kò mira rárá, omi wà nínú rẹ̀, tàbí kí ilẹ̀kùn ààrò ti fún wáyà rẹ̀ pa. Gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí èyí tó jí. Èyí tí kò jí pọ̀ jù ú lọ.

Bí o bá máa ra òmíràn, nọ́ńbà tó wà lára ààrò rẹ ni kí o fi rà á. Pé púlọ́ọ̀gì wọ ihò kò sọ pé wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Aṣọ tútù ni kí o máa fi nù ún, má sì jẹ́ kó wà nínú ààrò lọ́jọ́ tí ààrò bá ń fi ooru fọ ara rẹ̀, torí ooru yẹn ń sún mọ́ 500°C.

Ìyá Oníwáyà, ààrò mi ti dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Kò ní bọ́ọ̀dù, kò ní ojú tó ń kọ nọ́ńbà, yíyí lásán ni. Ó ń jó gbogbo nǹkan. Mo tẹ̀lé wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ìdí ohun tí à ń yí lọ sínú ààrò, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 0 ló kọ. Ṣé wọ́n ti kan ara wọn ni? — Bàbá Àgbà

Bàbá, kì í ṣe wáyà. Ihò wà láàárín rẹ̀, omi kan sì wà nínú ihò náà tó máa ń wú bó bá gbóná, òun ló ń ti súwíìṣì inú ohun tí ẹ ń yí kó lè pa iná. Ẹ wọn bàbà láti orí dé ìdí, 0 náà ni ẹ máa rí, tuntun ni o, ògbólógbòó ni o. Ibi tí mítà ti wúlò ni ẹsẹ̀ súwíìṣì: ẹ yọ ààrò kúrò lára iná, ẹ yí i sí 200, mítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ 0; ẹ yí i padà sílẹ̀, ọ̀nà á dí. Ẹ tún wò ó bóyá orí bàbà náà, tó nípọn bí pẹ́ńsù ìkọ̀wé, ti já kúrò lórí ìkọ́ tó gbé e dúró.

Bí ìkọ́ bá wà, tí súwíìṣì sì ń tàn tó ń pa, tó sì ń jó nǹkan síbẹ̀, omi inú bàbà ló ti jò dànù. Wọn kì í tún un dà sí i, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀, látorí ohun tí ẹ ń yí dé ìdí bàbà. Ẹ má ká a, ẹ má sì gé e kúrú kó lè wọlé dáadáa. Kí tuntun tó dé, ẹ má tan ààrò náà rárá, torí kò sí ohun tó máa dá kọ́ìlì rẹ̀ dúró.